Ẹ Jẹ́ Kí Ìbéèrè Pápá Wọ Kíláàsì

Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà, ní Àkúngbá àti káàkiri ilẹ̀ Àkókó, tí ìwé àwọn ọmọ ṣì wà níwájú yín tí ẹ ń máàkì, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ mi lónìí ń bá wí jù. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má pa rédíò yín, ó kàn yín.

Ẹ wo ọmọ kan ní JSS 2. Bí olùkọ́ ìṣirò bá wọlé lọ́sàn-án, oorun á ti máa kùn ún. Wọ́n á ní kó yọ márùn-ún kúrò nínú méjì, á máa wo àjà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ bá ọmọ yìí kan náà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwo-bọ́ọ̀lù. Á ti máa ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé gólù méjì ni kílọ́ọ̀bù òun gbá wọlé, márùn-ún ni wọ́n gbá sí tiwọn, torí náà màínọ́ọ̀sì mẹ́ta ni wọ́n wà, àfi kí wọ́n fi gólù mẹ́ta na ẹgbẹ́ tó kàn kí ọwọ́ wọn tó lè kúrò nínú gbèsè. Ìṣirò tó sá fún lọ́sàn-án ló ń ṣe yẹn, láìsí ìwé, láìsí pẹ́ńsù. Bí ẹnìkan bá sì ta kò ó, á ní kí onítọ̀hún mú ẹ̀rí wá.

Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Ọmọ tó ń jiyàn lórí eré ìdárayá ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Bí olùkọ́ bá lè mú iyàn yẹn wọ kíláàsì, tí kò yára dáhùn rẹ̀, tó jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn wá ìdáhùn, ohun tí wọ́n bá kọ́ níbẹ̀ kò ní bá ìdánwò lọ.

Àwọn olùkọ́ kan yóò sọ pé àwọn ti ń ṣe é tipẹ́. Níbi tí ìwé ti kọ ọ́ pé Adé ra ọsàn márùn-ún, wọ́n ti yí i padà sí pé Adé gbá bọ́ọ̀lù márùn-ún. Ìyẹn ò tíì tó, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mọ̀ dájú pé ìdáhùn ti wà lẹ́yìn ìwé olùkọ́, ohun tí wọ́n sì fẹ́ kó ṣe ni kó bá ìdáhùn yẹn mu. Ìbéèrè tí mò ń sọ ni èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ fẹ́ mọ ìdáhùn sí, tó sì ṣeé wọ̀n, tó ṣeé kà, tó ṣeé dán wò lórí pápá tiwa níbí.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá eré onífífò 100 mítà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà. Nínú ìje tó ṣáájú àṣekágbá, ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ló lò. Nínú àṣekágbá fúnra rẹ̀, 12.06 ni. Èyí tó kẹ́yìn ló yá jù, bẹ́ẹ̀ ni 12.12 ni World Athletics fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé, tó gba ipò 12.20 tí Kendra Harrison ti Amẹ́ríkà sá ní ọdún 2016. Kí olùkọ́ kọ nọ́ńbà méjèèjì sójú pátákó, kó béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi kọ èyí tó yá jù sílẹ̀, kó wá dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Àwọn kan á ní wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni. Àwọn mìíràn á ní aago ló bàjẹ́, wọn kò sì ní dá wà níbẹ̀, nítorí Michael Johnson, ògbólógbòó eléré Amẹ́ríkà nì, sọ lọ́jọ́ yẹn pé òun kò gbà pé àkókò tí wọ́n gbé jáde tọ̀nà. Inú bí ọ̀pọ̀ wa sí i ní Nàìjíríà. Nínú kíláàsì, ẹ̀tọ́ ni kí ọmọ béèrè bóyá aago tọ̀nà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó lè fi mọ̀.

Níkẹyìn, ọmọ kan á bá ìdí rẹ̀ pàdé: afẹ́fẹ́ ni. Òfin sọ pé afẹ́fẹ́ tó ń ti sáré-sáré lẹ́yìn kò gbọdọ̀ ju mítà 2 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà 12.12, mítà 0.9 ló ń fẹ́. Nígbà 12.06, ó ti di 2.5. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á pa ìwé dé níbí, wọ́n á ní àwọn ti kọ́ wọn. Èmi rò pé ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni afẹ́fẹ́ ń ran eléré lọ́wọ́? Báwo ni ìrànlọ́wọ́ náà ṣe tó?

Ọyẹ́ máa ń fẹ́ ní Àkókó, láti ọ̀nà àríwá ìlà-oòrùn, ẹ ò ní í wá afẹ́fẹ́ tì. Ẹ so ọ̀rá péńpé mọ́ orí igi kẹ́ ẹ lè mọ ibi tó ń kọrí sí. Kí ọmọ mẹ́wàá sá 60 mítà pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn wọn, kí wọ́n sì sá a padà kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ lù wọ́n lójú. Aago fóònù kan ti tó. Kí wọ́n tó parí, ọ̀kan nínú wọn á sọ pé, “Mà, ó ti rẹ̀ wá ká tó sá ẹlẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan.” Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá gbọ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ, ẹ má bá a wí. Ẹ bi í pé, “Kí ló wá yẹ ká ṣe sí i?” Wọ́n á rò ó títí, wọ́n á ní kí ìdajì kọ́kọ́ sá tẹ̀lé afẹ́fẹ́, kí ìdajì tó kù kọ́kọ́ dojú kọ ọ́, ká wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ká pín in. Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣe lójoojúmọ́ kí àṣìṣe má bàa wọ ìwádìí wọn nìyẹn, ọmọ JSS sì ti hú u jáde látinú àárẹ̀ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ìńtáháòsì, ìdíje eré ìdárayá láàárín àwọn háòsì ilé ẹ̀kọ́.

Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa máa ń ṣe é. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: àwọn ọmọ inú aṣọ pupa, aṣọ búlúù, aṣọ yẹ́lò, àwọn òbí lábẹ́ kánópì, eruku pupa lára bàtà funfun. Ọdọọdún ni ariwo kan máa ń sọ níbi eré tó yí pápá ká. Bí wọ́n bá ti to àwọn ọmọ, tí ẹni tó wà lóde pátápátá dúró síwájú, tí ẹni inú dúró sẹ́yìn, òbí kan á dìde lábẹ́ kánópì pé ojúsàájú ni. Olùkọ́ eré ìdárayá á ní bí òfin ṣe wí nìyẹn. Iyàn á parí síbẹ̀, eré á bẹ̀rẹ̀.

Iyàn yẹn dùn ún kọ́ ọmọ jù láti jẹ́ kó parí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí olùkọ́ ìṣirò ṣe ni pé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kó kó kíláàsì rẹ̀ jáde pẹ̀lú èèkàn, okùn, téèpù àti eérú. Kí wọ́n gbá èèkàn mọ́lẹ̀, kí wọ́n so okùn mítà mẹ́wàá mọ́ ọn, kí ọmọ kan mú etí rẹ̀, kó máa rìn yí ìdajì òbìrí, kí ẹnìkejì máa da eérú tẹ̀lé e. Kí wọ́n sọ okùn di mítà mọ́kànlá, kí wọ́n fa òmíràn sóde rẹ̀. Ọ̀nà eré tó fẹ̀ ní mítà kan ti wà láàárín ìlà méjèèjì báyìí. Kí wọ́n wá fi okùn mìíràn tẹ̀lé ìlà eérú kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n nà án sílẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ti inú á súnmọ́ mítà 31.4, ti òde á súnmọ́ 34.6. Mítà mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni ìyàtọ̀. Pápá sì ní ìkọ́ méjì, lókè àti nísàlẹ̀, torí náà ẹni tó wà lóde yóò fi bíi mítà mẹ́fà ó lé díẹ̀ sá ju ẹni inú lọ bí wọ́n bá jọ bẹ̀rẹ̀ lójú kan. Ìdí tí wọ́n fi gbé e síwájú ti hàn sí wọn.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọlé o. Ẹ bi wọ́n léèrè: bí pápá wa bá tóbi jù báyìí lọ ńkọ́? Bí okùn bá jẹ́ mítà 15 àti 16, ṣé ìyàtọ̀ náà á pọ̀ sí i tàbí á dín kù? Ẹ jẹ́ kí oníkálùkù nawọ́ sókè sí èyí tó rò, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù á ní á pọ̀ sí i, torí pé pápá ló tóbi. Kí wọ́n wá lọ fà á. Ti inú á lé díẹ̀ ní mítà 47, ti òde á lé díẹ̀ ní 50, mítà mẹ́ta ó lé díẹ̀ yẹn náà ni wọ́n tún máa bá. Wọ́n á ní àwọn ṣì í wọ̀n ni. Wọ́n á tún un wọ̀n. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọ á fẹnu ara rẹ̀ béèrè pé, “Kí ló fà á?” Olùkọ́ tó ti ń bá wọn fa wàhálà 22 lórí 7 láti táàmù àkọ́kọ́ á wá rí i pé àwọn gan-an ló ń bẹ òun kí òun ṣàlàyé rẹ̀. Bí òbìrí bá fi mítà kan fẹ̀ sí i láti àárín dé etí, àyíká rẹ̀ á fi mítà 6.28 gùn sí i, ì báà jẹ́ òbìrí pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, ì báà jẹ́ ti pápá ìṣeré Olympics. Níbi tí wọ́n ti ń fi mítà 1.22 ṣe ọ̀nà eré kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí òfin àgbáyé ṣe là á sílẹ̀, iye tí wọ́n ń gbé ọmọ síwájú á lé ní mítà méje àbọ̀. Ìdí kan náà ló fà á.

Ọ̀kà ní ìbéèrè tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ọ̀kà mọ̀ pé orí òkè àti ẹsẹ̀ òkè ni ìlú náà wà, ó sì ṣòro kéèyàn rí pápá tó tẹ́jú dọ́gba níbẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ mọ̀ pé òpó gólù kan wà tí bọ́ọ̀lù máa ń yí lọ fúnra rẹ̀. Báwo ni ìyàtọ̀ náà ṣe tó? Ẹ ránṣẹ́ pe bíríkìlà àdúgbò. Ó ní rọ́bà funfun tó ń rọ omi sí, èyí tó fi ń mọ̀ bóyá ìpìlẹ̀ dọ́gba. Kó fi han àwọn ọmọ bí omi ṣe máa ń dúró ní ìdúró kan náà létí rọ́bà méjèèjì, kí wọ́n wá fi í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òpó kan dé èkejì, kí wọ́n máa kọ ìyàtọ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kí wọ́n tún máa kọ iye gólù tó wọ òpó kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìdíje táàmù náà. Á yé wọn ìdí tí òfin bọ́ọ̀lù fi ní kí ẹgbẹ́ méjèèjì pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn ààbọ̀ eré. Inú mi dùn sí apá ti bíríkìlà yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọmọ á rí i pé ìmọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì ní ìtòsí ilé wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nǹkan àjèjì ni mò ń kéde. Nínú ìwé *History of Education in Nigeria* tó jáde ní ọdún 1974, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ka góńgó méje tí ẹ̀kọ́ àwọn baba wa dá lé. Èyí àkọ́kọ́ tó kọ sílẹ̀ ni kí agbára ara ọmọ lè yọ jáde, láti inú eré, ijó àti ìjàkadì. Ìmọ̀ inú orí náà wà níbẹ̀, a kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ tó jókòó ti ọpọ́n ayò, ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀, ìṣirò àti ìrònú ló ń ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà ló darí ètò tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yára gbé lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Torí náà, bí iyàn bá bẹ̀rẹ̀ lórí pápá ní èdè Ìkàrẹ́ tàbí ti Ọ̀kà, ẹ má sọ pé kí ọmọ kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Nàìjíríà náà, STAN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, ṣe ìwé sáyẹ́ǹsì tiwọn fún ilé ẹ̀kọ́ girama láàárín àwọn ọdún 1970, ohun tí wọ́n sì ń tẹnu mọ́ ni kí ọmọ wò, kó wọ̀n, kó dán an wò fúnra rẹ̀.

Mo mọ ohun tí olùkọ́ máa sọ. Sílébọ́ọ̀sì ò tíì parí, WAEC ń bọ̀, kíláàsì kún fọ́fọ́, kò sí ohun èlò. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyíká òbìrí wà nínú sílébọ́ọ̀sì, ìyára eré wà níbẹ̀, ìlùkìkì ọkàn wà nínú báyọ́lọ́jì. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kẹ́ ẹ gba ojú pápá kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ní táàmù. Ní ti èrò tó pọ̀, háòsì ti pín wọn fún yín. Ohun kan wà tí a kì í sábà sọ jáde: ẹ̀rù máa ń ba olùkọ́ pé ọmọ lè béèrè ohun tí òun ò mọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká wò ó” jẹ́ ìdáhùn tó dára lẹ́nu olùkọ́, tí wọ́n bá sì ti lọ wò ó lóòótọ́, ọ̀wọ̀ rẹ̀ á pọ̀ sí i lójú wọn.

Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Ní oṣù keje ọdún 2025, ní Rabat, orílẹ̀-èdè Morocco ti gbá gólù méjì sí àwọn Super Falcons wa nínú àṣekágbá, wọ́n sì padà wá na Morocco ní 3-2. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹwàá tí wọ́n gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Rasheedat Ajibade ni balógun wọn nígbà náà. Kò yẹ kí olùkọ́ kankan tún rò pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ti ọkùnrin ni. Fún ọmọ tí kò sì fẹ́ sáré rárá, ìbéèrè rẹ̀ nìyí: lẹ́yìn eré, ta ni ọkàn rẹ̀ ń tètè balẹ̀ jù? Kí wọ́n fi ìka lé ọrùn ọwọ́, kí wọ́n ka bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, kí wọ́n tún un kà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí tó fi padà sí bó ṣe wà. Ní Ọ̀kà, kí wọ́n fi àwọn tó ń fẹsẹ̀ gun òkè wá sí ilé ẹ̀kọ́ wé àwọn tí ọ̀kadà ń gbé wá. Kò sí ìwé tí ìdáhùn yẹn wà. Àwọn ọmọ yẹn ló máa kọ ọ́.

Ohun kan ń dùn mí tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Bí àwa kò bá lo ìfẹ́ tí ọmọ ní sí eré, àwọn kan ti ń lò ó. Ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti súnmọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa jù. Ìkìlọ̀ nìkan kò ràn án mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní wọ́n fi ìlọ́po 2.00 sí iwájú ẹgbẹ́ tó wà nílé, 3.00 sí iwájú ọ̀mì, 4.00 sí iwájú àlejò. Kí ọmọ wá iye tó máa ta sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè gba ₦1,200 bó ti wù kí eré náà parí. Á rí i pé ₦600 ni lórí àkọ́kọ́, ₦400 lórí èkejì, ₦300 lórí ẹ̀kẹta. Kó rò ó pọ̀: ₦1,300. Ó san ₦1,300 kó lè gba ₦1,200. Ọgọ́rùn-ún náírà ti wọ àpò onítẹ́tẹ́ kí rẹfirí tó fọn fèrè. Bó bá sì fi eré márùn-ún sórí ìwé kan, tí ìrètí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì sí ìdajì, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 32 ni gbogbo rẹ̀ lè jọ wọlé. Ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí á ní ohun tó máa wí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń pè é.

Yunifásítì tó wà ní Àkúngbá, orúkọ Adékúnlé Ajáṣin ló ń jẹ́, olùkọ́ tó wà lára àwọn tó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Mo ń bẹ ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ níbẹ̀ pé bí wọ́n bá ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, kí ẹ̀kọ́ kan ó kéré tán wáyé lórí pápá. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá béèrè téèpù tàbí okùn lọ́wọ́ yín, ẹ fún un, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè lálẹ́ pé kí ló wọ̀n. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ìńtáháòsì tó ń bọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn wọ̀n pápá náà, kí wọ́n sì fa ìlà rẹ̀. Bí òbí kan bá wá dìde lábẹ́ kánópì pé ojúsàájú ni, ẹ pe ọmọ SS 1 kan kó ṣàlàyé fún un.